Awòran ní Harajuku

Ọwọ́ ni ọmọ náà fi kìlọ̀ fún mi, kò lo ẹnu. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni, ní ẹnu Òpópónà Takeshita, ní Harajuku, nílùú Tokyo. Ọmọbìnrin kan ń bọ̀, irun rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, ó ń jẹ pankéèkì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí wọ́n fi pépà ká bí ẹ̀pà tí wọ́n ń tà létí títì, wàrà funfun inú rẹ̀ sì ti lẹ̀ mọ́ ọn nímú. Mo gbé kámẹ́rà, mo tẹ̀ ẹ́. Kí n tó sọ ọwọ́ kalẹ̀, ọ̀rẹ́ tó ń bá a rìn ti bọ́ síwájú, ó gbé apá méjèèjì dábùú ara wọn níwájú àyà bí ẹni fi igi dí ọ̀nà oko. Kò pariwo, kò bú mi, kò tilẹ̀ fajú ro. Ó kàn dúró bẹ́ẹ̀, apá lórí apá, títí mo fi yí ẹ̀yìn kámẹ́rà sí wọn, tí mo sì pa fótò náà rẹ́ níṣojú wọn. Àwọn méjèèjì tẹrí ba. Èmi náà tẹrí ba. Wọ́n bá tiwọn lọ.

Mo ti ń ya fótò èèyàn láìbéèrè láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá. Wọ́n ti lé mi rí, wọ́n ti ṣépè fún mi rí, ìyá kan ti fi abẹ̀bẹ̀ gbá mi létí rí ní òde kan ní Bódìjà. Kò sí èyí tó dùn mí wọra tó ìtẹríba yẹn.

Onífótò òde ni àbúrò ìyá mi, tí a ń pè ní Bọ̀ọ̀dá Délé, ní Ìbàdàn, láyé ìgbà tí fíìmù ṣì wà. Ọjọ́ Sátidé kì í bá a nílé. Kò sẹ́ni tó pè é sí òde tó ń lọ; mo-gbọ́-mo-yà oníkámẹ́rà ni, èmi ni mo sì ń gbé báàgì tẹ̀ lé e. Bó bá ti ya fíìmù kan tán, á ní kí n gun ọ̀kadà lọ sí Dùgbẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fọ fótò, kí n dúró gbà á. Kí àwọn olórin tó ká ohun èlò wọn, a ti tẹ́ ẹní sẹ́nu géètì, a ti to fótò lé e bí ẹni pàtẹ ata. Àwọn èèyàn á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á máa wá ojú ara wọn. “Ta ló ní kó o yà mí?” Bí wọ́n ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀ náà ni ọwọ́ wọn ń wá owó nídìí ìró.

Òfin kan ṣoṣo ni Bọ̀ọ̀dá Délé fi kọ́ mi níṣẹ́: má béèrè. Ó ní ẹni tí o bá ti bi léèrè, á tún gèlè ṣe, á na ọrùn, á di ẹnu pọ̀ bí ẹni tó lọ ya fótò ìwé ìrìnnà. Onítọ̀hún ti lọ, ère rẹ̀ ló kù lórí àga. Èyí tí kò bá sì tà, a máa fi dáná lọ́jọ́ kejì. Mo máa ń wo ojú wọn kí iná tó kàn wọ́n, àwọn tí kò rí ara wọn lórí ẹní, àti àwọn tó rí ara wọn tí wọ́n ní àwọn kọ́.

Ohùn nìkan ló pààlà sáàárín awòran àti àwòrán nínú èdè wa. Awòran ni ẹni tó dúró tó ń wo ìran. Àwòrán ni ohun tó kù lọ́wọ́ nígbà tí ìran ti kọjá. Àwọn onímọ̀ kan ní à-wò-rántí ni wọ́n sún kì tó di àwòrán, ohun tí a ń wò láti fi rántí. Àwọn ará Jàpáànù ní tiwọn ń pe fótò ní shashin. Àmì méjì ni wọ́n fi ń kọ ọ́: ọ̀kan túmọ̀ sí kí èèyàn da nǹkan kọ, èkejì sì jẹ́ òtítọ́. Ó wú mi lórí nígbà tí mo gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ mìíràn, tōsatsu. Àmì tó ṣáájú nínú ìyẹn ni àmì olè. Fótò tí a jí yà. Mo ronú kan Bọ̀ọ̀dá Délé, mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ọ̀fun.

Iṣẹ́ ló gbé mi dé Tokyo fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọjọ́ Àìkú nìkan ni mo ní fún ara mi, mo sì ti mọ ibi tí mo máa lò ó. Nínú ìwé ni mo ti kọ́kọ́ mọ Harajuku. Ọ̀gá kan tí mo bá ṣiṣẹ́ l'Ékòó ní ẹ̀dà mẹ́ta màgásíìnì kan tí wọ́n ń pè ní FRUiTS, èèpo wọn ti ya, a sì máa ń yí i láti ọwọ́ dé ọwọ́ bí ìwé àdúrà. Shoichi Aoki ló dá a sílẹ̀ ní 1997. Ṣáájú ìgbà náà, ní 1985, ó ti dá òmíràn sílẹ̀ tó pè ní STREET, èyí tó fi ń gbé ìmúra àwọn ará London àti Paris wá han àwọn ará ilé rẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó rí i pé ohun tí òun ń wá lọ sókè òkun ti ń hù lẹ́yìnkùlé òun.

Ohun tó yà mí lẹ́nu nínú FRUiTS, yàtọ̀ sí aṣọ, ni bí kò ṣe sí ọgbọ́n-ẹ̀wẹ́ kankan nínú fótò náà. Ẹni tí wọ́n yà dúró, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, ojú sí kámẹ́rà, láti orí dé bàtà. Wọ́n bi í léèrè ni, ó sì gbà. Lábẹ́ fótò, wọ́n á kọ ọjọ́ orí rẹ̀, iṣẹ́ tó ń ṣe, àti ibi tí ìkọ̀ọ̀kan ohun tó wọ̀ ti wá: kóòtù yìí, ọjà bọ́síkọ̀rọ̀, síkẹ́ẹ̀tì yìí, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ rán an. Gbogbo ohun tí Bọ̀ọ̀dá Délé ní kí n má ṣe ni ọkùnrin yìí ń ṣe, kò sì sí ère kankan níbẹ̀. Ojú àwọn ọmọ náà yọ̀ kedere. Wọ́n ti ń múra láti àárọ̀ fún ẹni tó máa bi wọ́n léèrè.

Ibi tí wọ́n ti ń rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló ṣe pàtàkì. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà kọ́ ilé fún ìdílé wọn sí ẹ̀gbẹ́ Harajuku, wọ́n pe ibẹ̀ ní Washington Heights. Àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ohun ìlú òyìnbó fún wọn ló kọ́kọ́ sọ àdúgbò náà di ibi tí ọ̀dọ́ ń rìn gbẹ̀rẹ̀ lọ. Ní 1964 ilé àwọn ọmọ ogun yẹn di ibùgbé àwọn eléré ìdárayá Òlíńpíìkì. Ṣùgbọ́n 1977 ni ti èmi bẹ̀rẹ̀, nítorí ọdún náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ti ojú títì tó kọjá níbẹ̀ mọ́ mọ́tò lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ fojú inú wò ó: títì ọlọ́dà, kò sí ọkọ̀, kò sí owó ẹnubodè, ẹni tó bá wù ú lè jó. Ní nǹkan bí 1980, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń pè ní takenoko-zoku ń jó níbẹ̀ nínú aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ aláwọ̀ mèremère. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ra aṣọ náà, ní Takeshita, ló di orúkọ wọn. Ní 1998 wọ́n fòpin sí títi ọ̀nà. Mọ́tò padà.

Ní 2017, Aoki dá títẹ FRUiTS dúró lẹ́yìn ẹ̀dà 233. Ìdí tó sọ ni pé àwọn ọ̀dọ́ tí ìmúra wọn tó ya kò sí mọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn di ẹ̀bi náà ru àwọn ilé-ìtajà ńláńlá tí aṣọ wọn pọ́ọ́kú, tí ọ̀kan nínú wọn láti Sweden ṣí ẹ̀ka sí Harajuku ní 2008. Wọ́n ní ìgbà tí aṣọ ti pọ́ọ́kú tó bẹ́ẹ̀, ta ló tún ń jókòó rán tirẹ̀? Àwọn mìíràn ní fóònù ni, pé ẹni tó lè ya ara rẹ̀ nínú yàrá kò nídìí láti wọ rélùwéè. Èmi, ojú títì yẹn ni mo di ẹ̀bi rù. Aṣọ kò tíì parí níbi tí èèyàn ti wọ̀ ọ́ tán níwájú dígí. Ó di ìgbà tó bá yan nínú agbo. Ẹ gba agbo lọ́wọ́ àwọn alága òde wa, kí ẹ wò ó bóyá ẹnìkan á ṣì máa wé gèlè fún wákàtí kan.

Mo lọ wo Afárá Jingu, tó gba orí ọ̀nà rélùwéè kọjá láti ibùdókọ̀ dé ẹnu Ojúbọ Meiji. Lórí afárá yẹn ni àwọn ọmọ tó ń múra bí àwọn olórin rọ́ọ̀kì wọn, ojú kíkùn, bàtà gogoro, ti máa ń jókòó lọ́jọ́ Àìkú láwọn ọdún 1990 títí wọ ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun. Lọ́jọ́ tí mo débẹ̀, ẹni mẹ́rin ló wà níbẹ̀, mẹ́ta nínú wọn jẹ́ àlejò bíi tèmi, tí wọ́n ń wá ohun tí mo ń wá. A ń wo ara wa. Ibùdókọ̀ onígi tí wọ́n kọ́ ní 1924 kò sí ní ìdí afárá náà mọ́; ní 2020 ni wọ́n kó wọ inú èyí tuntun, onígíláàsì, tí wọ́n sì tú ti àtijọ́ palẹ̀.

Mo wọ inú ojúbọ lọ. Ọdún 1920 ni wọ́n yà á sí mímọ́, igbó tó yí i ká kì í sì í ṣe igbó àdáyébá: èèyàn ló gbìn ín, nǹkan bí 100,000 igi tí àwọn ará ìlú láti gbogbo Jàpáànù fi tọrẹ. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni gbogbo ariwo Takeshita pa rẹ́ mọ́ni létí. Inú àgbàlá ni mo wà nígbà tí ìyàwó kan kọjá, funfun láti orí délẹ̀, abùradà pupa ńlá lókè rẹ̀, àwọn ẹbí ní méjìméjì lẹ́yìn. Gbogbo àlejò sáré. Mo ka fóònù dé 30, mo dá a dúró. Kò sí ẹni tó béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ọmọ náà, òun náà kò sì lè gbé apá dábùú: ọwọ́ rẹ̀ wà nínú aṣọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rìn ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ́ ọ. Mi ò yà á. Bọ̀ọ̀dá Délé ìbá ti yà á, ìbá sì ti ṣàwárí géètì tí ẹbí rẹ̀ máa bá jáde.

Ní ẹnu ọ̀nà Ọgbà Yoyogi, ọ̀rọ̀ ò le bẹ́ẹ̀. Àwọn bàbá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń jó orin Amẹ́ríkà ayé Elvis, jákẹ́ẹ̀tì aláwọ, irun tí wọ́n fi pòmáàdì gbé dúró níwájú orí bí ogbe àkùkọ, bàtà tí téèpù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bo tán nítorí ijó ti jẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ yà wọ́n bó ṣe wù yín. Bí ẹ kò bá yà wọ́n ni wọ́n máa bínú.

Nínú rélùwéè lọ́jọ́ yẹn ni mo ṣàkíyèsí ohùn kan. Fóònù tí wọ́n bá tà ní Jàpáànù, bí èèyàn bá fi ya fótò, ó gbọ́dọ̀ dún, kò sì sí bọ́tìnì tó lè pa á lẹ́nu mọ́. Òfin ìjọba kọ́ ló fi í síbẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù ló fohùn ṣọ̀kan láàárín ara wọn, nígbà tí fóònù oníkámẹ́rà dé ní nǹkan bí 2000 tí àwọn ọlọ́wọ́ ẹ̀gbin bẹ̀rẹ̀ sí í tì í sábẹ́ síkẹ́ẹ̀tì àwọn obìnrin nínú ọkọ̀. Ìgbà yẹn ni apá tí ọmọ yẹn gbé dábùú ara wọn tó yé mi. Mi ò mọ iye ọlọ́wọ́ gígùn tó ti pàdé kó tó pàdé èmi tí mo rò pé iṣẹ́ ọnà ni mò ń ṣe. Ilé ẹjọ́ wọn náà kò fi ṣeré: ní 2005, ilé ẹjọ́ kan ní Tokyo ní kí wọ́n san 350,000 yẹ́n fún obìnrin kan tí wọ́n yà ní títì Ginza láìgbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n gbé fótò náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Oge ìgboro ni àwọn tó yà á láwọn ń gbé lárugẹ.

Síbẹ̀ mi ò ní purọ́. Fótò tí mo fẹ́ràn jù láyé, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ èyí tí wọn kò béèrè. Daido Moriyama, tí wọ́n bí ní 1938, fi kámẹ́rà kékeré tó lè wọ àpò ya àdúgbò Shinjuku ní Tokyo fún ọ̀pọ̀ ọdún, lọ́pọ̀ ìgbà láìfi ojú sí i, àwọn fótò rẹ̀ dúdú, wọ́n rí háráhárá bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lórí rẹ̀, mo sì lè wò wọ́n títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ní 2020, ilé-iṣẹ́ kámẹ́rà kan gbé fídíò jáde nípa Tatsuo Suzuki, bó ṣe ń rìn ní ìgboro Shibuya tó ń na kámẹ́rà sí ojú ẹni tó ń bọ̀; àwọn èèyàn fárí gá, wọ́n yọ fídíò náà kúrò. Mo wo fídíò yẹn kí wọ́n tó yọ ọ́. Ohun tó bà mí lẹ́rù níbẹ̀ kì í ṣe ìwà Suzuki. Ọwọ́ ara mi ni mo rí.

Ọ̀sẹ̀ kejì, mo tún padà lọ. Òpópónà Takeshita kò gùn ju nǹkan bí 350 mítà lọ. Ó dà gẹ̀ẹ̀rẹ̀ sísàlẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ibùdókọ̀, nítorí náà orí èèyàn lẹ máa kọ́kọ́ rí, orí lórí orí, bí ẹni dúró ní Òkè Màpó tó ń wo òrùlé Ìbàdàn. Kámẹ́rà wà lọ́rùn mi, mi ò gbé e. Mo ti fẹ́ já sí ìsàlẹ̀ nígbà tí ohùn kan pè mí.

“Ẹ̀gbọ́n! Ọmọ Naijá ni yín. Mo mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀ ìrìn yín.”

Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ Áfíríkà ti ń dúró níwájú àwọn ṣọ́ọ̀bù aṣọ híìpù-họ́ọ̀pù ní Takeshita, tí wọ́n ń pe oníbàárà wọlé. Èyí wọ jákẹ́ẹ̀tì tó lè gba ẹni méjì, fìlà funfun tí wọ́n yí etí rẹ̀ sẹ́yìn, ṣéènì aláwọ̀ wúrà tó nípọn bí okùn ìfami. Ajégúnlẹ̀ ló dàgbà sí. Ó ní bàbá òun kì í ṣe Yorùbá, ṣùgbọ́n ta ló máa gbé Ajégúnlẹ̀ tí kò ní gbọ́ ọ? Ọdún kẹsàn-án rẹ̀ nìyí ní Jàpáànù. Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ ló ń dá ọ̀rọ̀ sí méjì, ó ń fi èdè Jàpáànù ké sí àwọn ọmọkùnrin tó ń kọjá, ohùn rẹ̀ á tinrin, á tún padà sọ́dọ̀ mi, á wálẹ̀.

Mo ní kó jẹ́ kí n yà á ní ẹyọ kan. Ó fi ọwọ́ bo ṣéènì náà kíá.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Màmá mi rò pé ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe mọ́tò ni mo wà.”

A rẹ́rìn-ín, kò pẹ́. Ó ní ọ̀gá tó gba òun síṣẹ́ kò gba ọmọ Nàìjíríà, ará New York ló gbà; aṣọ yìí kì í ṣe tòun, ti iṣẹ́ ni, bí ilẹ̀ bá ṣú òun á bọ́ ọ sínú ṣọ́ọ̀bù. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, àwọn àgbà ti wí i, ṣùgbọ́n mi ò tíì pàdé ẹni tí wọ́n ń san owó oṣù fún lórí òwe yẹn rí. “Ẹ lè dúró o,” ló wí, “kí ẹ máa wò mí. Wíwò ò já mọ́ nǹkan kan. Fótò yẹn ló máa ń wọ ọkọ̀ òfurufú.”

Mo dúró. Ó tó ìdajì wákàtí tí mo fi jẹ́ awòran pọ́ńbélé, ọwọ́ lẹ́yìn. Mo rí i pé ẹsẹ̀ òsì ló máa ń kọ́kọ́ gbé bó bá fẹ́ dí ọ̀nà mọ́ oníbàárà. Mo rí i pé bí àwọn obìnrin bá ń kọjá, á sún sẹ́yìn díẹ̀ kí àwọ̀ àti ìga rẹ̀ má dẹ́rù bà wọ́n, kò sì jọ pé ó mọ̀ pé òun ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ní kámẹ́rà lójú, ṣéènì yẹn ni mi ò bá máa wò.

Kí n tó lọ ló kọ́ mi ní gbólóhùn tí mo nílò, shashin, ii desu ka, ṣé mo lè ya fótò. Ó tún fi kún un: “Ẹ má na ọwọ́ sí ojú wọn. Ẹ na ọwọ́ sí aṣọ. Aṣọ ni wọ́n fẹ́ kí ẹ rí.”

Ní ẹ̀gbẹ́ ilé-ìtajà Laforet, èyí tó ti wà níkorítá náà láti 1978, àwọn ọmọbìnrin méjì dúró tí ògiri. Decora ni wọ́n ń pe irú ìmúra tiwọn. Kí n sọ ọ́ báyìí: ẹ mú gbogbo ohun tí ọmọ ọdún márùn-ún máa ń fẹ́ lọ́jà, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí kan ṣoṣo. Píìnì irun oníràwọ̀, onílabalábá, onísítírọ́bẹ́rì, ọmọ béárì, ìlẹ̀kẹ̀ oníke tó ń dún bí wọ́n bá mí. Mo ka píìnì 23 ní iwájú orí ọ̀kan nínú wọn, mi ò tíì dé etí. Mo fi ìka tọ́ka sí píìnì, mo sọ gbólóhùn mi. Wọ́n wo ara wọn. Èyí àgbà fi ìka méjì dábùú ara wọn níwájú ojú rẹ̀, kékeré báyìí, ó tún tọ́ka sí irun rẹ̀, ó tẹrí. Lẹ́yìn náà ló yí ẹ̀yìn sí mi. Èkejì náà yí i.

Ẹ̀yìn ni mo kàn ń wò, tí àyà mi sì là. Mo mọ fótò yìí. Láti 1968 ni J. D. 'Okhai Ojeikere, ọmọ ilẹ̀ Ẹdó tó ti fìgbà kan ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n nílùú Ìbàdàn kó tó fìdí kalẹ̀ l'Ékòó, ti ń ya irun àwọn obìnrin Nàìjíríà láti ẹ̀yìn, ní òde, ní ọ́fíìsì, ní ìgboro, títí tó fi sún mọ́ ẹgbẹ̀rún kan. Ó kú ní 2014. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí àwọn fótò náà, mo rò pé ọgbọ́n ojú lásán ni, kí irun lè dà bí ère. Kò wá sí mi lọ́kàn nígbà yẹn pé ó ṣeé ṣe kí ẹ̀yìn jẹ́ ohun tí èèyàn fi tọkàntọkàn yọ̀ǹda. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í báni rí tẹni; onídìrí ló mọ ohun tó ṣe sí ọ lẹ́yìn ọrùn, àti ẹni tó jókòó sẹ́yìn rẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá mi máa ń di ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀, tí wọ́n ń dì láti ìpàkọ́ wá síwájú, á sì ní kí n fọwọ́ tọ ọ́ wò kí n sọ fún òun bóyá ó tọ́.

Mo ya wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Mi ò kánjú. Píìnì lẹ́yìn pọ̀ ju ti iwájú lọ, wọ́n to wọn bí ẹni to ìkarahun, pupa lé òféfèé lé funfun, títí dé ibi tí irun ti parí, tí ọrùn lásán ti bẹ̀rẹ̀.

Mi ò mọ ohun tó gbé mi dé ìdí ohun tí mo ṣe tẹ̀ lé e, àfi bó bá jẹ́ Bọ̀ọ̀dá Délé ló tì mí. Mo fọwọ́ ṣe àmì pé kí wọ́n jọ̀ọ́ dúró. Mo sáré lọ sí ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké tí wọn kì í tì tọ̀sántòru. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà níbẹ̀ tí èèyàn lè ti káàdì kámẹ́rà bọ̀ kó tẹ fótò jáde, owó rẹ̀ kò tó ti omi inú ike kan. Mo tẹ méjì. Mo ń sáré bọ̀, mo ń fi wọ́n fẹ́ra bí a ṣe máa ń fẹ́ wọn lórí ọ̀kadà láti Dùgbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti gbẹ.

Wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi gbà á. Èyí àgbà gbé tirẹ̀ sún mọ́ ojú, ó wò ó, ó wò ó, ó sì figbe kékeré kan bọnu. Mo rò pé mo ti ṣẹ̀ ẹ́. Ó fi ìka tọ́ka sí ibì kan lórí fótò: labalábá kan, ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ti dorí kodò. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn ọrùn, ó ń táràrà wá a láàárín gbogbo píìnì yẹn, kò rí i. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi fótò tirẹ̀ sábẹ́ abíyá, ó bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ó sì ń bá a yí i padà.